Gáùn Tí Wọ́n Ń Pè Ní Gbédání

Bí ẹ bá fẹ́ mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú fíìmù kan, ẹ má ṣe bi Fàósátù. Yóò jókòó ti fíìmù Íńdíà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, wákàtí mẹ́ta gbáko, àwọn obìnrin tó yí i ká yóò máa fi etí ìró nu omijé, ṣùgbọ́n bó bá délé, tí Táòfíkì ọkọ rẹ̀ bi í pé, "Ìyá Ìsíátù, ṣé ọmọ yẹn padà rí bàbá ẹ̀?" ohun tí yóò sọ ni pé, "Èwo ni bàbá níbẹ̀? Ṣé ẹni tó wọ kóòtù oníbọ́tìnnì mẹ́fà yẹn?" Táòfíkì, tó ń ṣiṣẹ́ ṣíífù níléeṣẹ́ tó ń ṣe abọ́ ike, yóò mi orí, yóò ní owó tíkẹ́ẹ̀tì ti wọgbó.

Kò wọgbó o. Aṣọ ni Fàósátù ń lọ wò. Nígbà tí inú gbọ̀ngàn sinimá sì ti ṣókùnkùn, tí èèyàn ò lè kọ nǹkan sílẹ̀ níbẹ̀, òwú funfun gígùn kan ló máa ń mú dání. Bí òṣèrébìnrin bá ti yọjú, Fàósátù á bẹ̀rẹ̀ sí í ta òwú ní kókó: kókó kékeré kan fún bọ́tìnnì kan, kókó ńlá fún ibi tí aṣọ ti fún mọ́ra, kókó méjì tó lẹ̀ mọ́ra fún apá aṣọ tó fẹ̀. Bó bá di àárọ̀ ọjọ́ kejì, á na òwú náà sórí tábìlì, á máa kà á bí ọmọ iléèwé ṣe ń ka ìwé, sísọ́ọ̀sì á sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Obìnrin kan jókòó tì í lọ́jọ́ kan, ó rí i tó ń ta kókó lókùnkùn, ó rò pé oògùn ló ń dì, ló bá rọra dìde, ó wá àga mìíràn lọ.

Ìwó ni wọ́n bí Fàósátù sí. Ogun abẹ́lé ò tíì pẹ́ tó parí nígbà tó wá sí Èkó, ọdún mẹ́rin ló sì fi kọ́ iṣẹ́ aránṣọ lọ́dọ̀ Ọ̀gá Mísbáù ní Òṣòdì. Nígbà tó gba òmìnira tán, ó gba ṣọ́ọ̀bù kótópó kan ní Ìsọlọ̀, kò jìnnà sí iléeṣẹ́ aṣọ Aswani. Àsìkò náà dáa. Owó epo ti wọ ìlú, owó Údójì tí ìjọba fi kún owó oṣù ti bọ́ sápò àwọn òṣìṣẹ́, kò sì sí ọmọbìnrin kan láwọn iléeṣẹ́ Ìsọlọ̀ tí kò fẹ́ jọ òṣèré. Sátidé ni wọ́n ń lọ sinimá. Bó bá di ọjọ́ Ajé, wọ́n á ti kó aṣọ ọ̀pá mẹ́ta mẹ́rin dé: "Àǹtí, ẹ bá mi rán èyí tí ìyàwó yẹn wọ̀ nígbà tó ń kọrin lábẹ́ igi." Fàósátù kì í béèrè igi wo. Òwú rẹ̀ ti mọ̀ ọ́n.

Ohun kan ṣoṣo ló ń dùn ún. Lọ́jọ́ ìpàdé àwọn aránṣọ, níṣojú gbogbo ẹgbẹ́, Ọ̀gá Mísbáù sọ pé, "Ọwọ́ Fàósátù mọ́, mi ò ní í purọ́. Àmọ́ ẹ má pè é ní aránṣọ. Awòrán ni: ó wò ó, ó rán an. Ẹ mú fíìmù kúrò níwájú ẹ̀, kò lè rán aṣọ fún kèrègbè." Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Fàósátù náà bá wọn rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí kò kọjá eyín. Ìgbà tó délé ló tó sunkún. Àbùkù tí ará ọjà bá fi kan ni ṣeé gbójú fò, ṣùgbọ́n ẹni tó kọ́ ni bí a ti ń mú abẹ́rẹ́ mọ ibi tí abẹ́rẹ́ ti ń dun ni. Orúkọ náà sì lẹ̀ mọ́ ọn, tí wọ́n fi ń pè é ní Awòrán láti Òṣòdì dé Ìsọlọ̀. Láti ọjọ́ náà, àdúrà kan ló ń gbà: kí òun rán aṣọ kan, ẹyọ kan péré, tí àwọn ẹlòmíràn yóò máa wò rán.

Ó tó ọdún kan lẹ́yìn náà kí ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Babáṣọlá tó wọ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ẹgbẹ́ eléré ló ní, wọ́n sì ti ṣeré káàkiri ìlú títí tó ti rẹ̀ wọ́n. Wàyí o, ó fẹ́ gbé eré rẹ̀ sínú fíìmù, nítorí ibẹ̀ ni àwọn eléré yòókù ń gbà lọ. Eré náà dá lórí ìyàwó kan tó sá lọ lọ́jọ́ ìgbéyàwó.

"Ìyá Ìsíátù, gáùn ìyàwó ni mo fẹ́," ó ní. "Mi ò fẹ́ ti Íńdíà o, mi ò sì fẹ́ tòyìnbó. Èyí tẹ́nì kankan ò rí rí ni kẹ́ ẹ rán fún mi."

"Ta ló júwe mi fún yín, sà?"

"Àwọn ọmọ iléeṣẹ́ ni. Wọ́n ní ohunkóhun tẹ́ ẹ bá ti rí, ẹ máa rán an."

"Èyí tẹ́nì kankan ò wá rí rí ńkọ́?"

Babáṣọlá họ orí. "Ẹ fojú inú wò ó, mà."

Fàósátù na òwú funfun sórí tábìlì, kò sí kókó kankan lára rẹ̀. Àdúrà rẹ̀ ti gbà, ẹ̀rù sì wá ń bà á. Bí gáùn yìí bá dáa, ó tán, kò sẹ́ni tí yóò tún pè é ní Awòrán. Bí kò bá dáa ńkọ́? Gbogbo ìlú ni yóò rí i lójú sinimá pé òótọ́ ni Ọ̀gá Mísbáù sọ.

Lucy, ọmọ Abẹ́òkúta tó máa ṣe ìyàwó nínú eré náà, wá wọn ara. Ó wọ awò dúdú, ó ya irun ní áfùrò, bàtà gógórò tó wọ̀ sì ga bí ìdí odó. Òfin kan wà ní ṣọ́ọ̀bù Fàósátù: kò sẹ́ni tí téèpù ń kàn lára tí kò bá tíì bọ́ bàtà. Ìyàwó pásítọ̀ ti bọ́ ọ rí, ìyá arúgbó ti bọ́ ọ rí. Ṣùgbọ́n òṣèré nìyí, tí fọ́tò rẹ̀ ń jáde nínú ìwé ìròyìn! Fàósátù la ẹnu, ó pa á dé. Lucy ò ga, ó sì hàn pé kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ̀. Bí Fàósátù ṣe kúnlẹ̀ nìyẹn, tó wọn gáùn láti èjìká dé ilẹ̀, tòun ti gógórò. Àwọn àgbà ní ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Fàósátù mọ òwe náà dáadáa, ó kàn jẹ́ pé ojú tì í ni.

Ó rán gáùn náà. Sátíìnì olómi ọsàn ni, ọrùn rẹ̀ ṣe gẹ́rẹ́ bí etí igbá, ó fún mọ́ ìbàdí, láti orúnkún ló sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í tú yẹ́ẹ́ lọ sílẹ̀. Kò wo fíìmù kankan kó tó rán an. Táòfíkì jí láàárọ̀, ó rí i lára ògiri, ó dúró wò ó. "Níbo lo ti rí èyí?" ó ní. Fàósátù ní, "Mi ò rí i níbì kankan." Inú rẹ̀ dùn débi pé ó tún ọ̀rọ̀ náà sọ.

Apakun ni wọ́n ti ya ibi tí ìyàwó ti ń sá, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà pápá ọkọ̀ òfuurufú, níbi tí àwọn ọlọ́jà ń pàtẹ sí. Wọ́n yá kámẹ́rà náà ni, ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà gan-an sì ni ẹni tó ni ín ń bọ̀ wá gbà á. Lucy jáde nínú gáùn, àwọn ọlọ́jà hó yèè. Ìgbà náà ni Babáṣọlá pariwo pé, "Lucy, bọ́ bàtà! Ìyàwó wo ló ń fi gógórò sá lọ?"

Lucy sọ̀ kalẹ̀ látorí bàtà, gáùn sì tẹ́ sílẹ̀ yí i ká bí ẹní. Fàósátù sáré gbé abẹ́rẹ́, ó ní kí wọ́n fún òun ní wákàtí kan péré kí òun ká etí ẹ̀ sókè. Ẹni tó di kámẹ́rà mú ní oòrùn ò ní í dúró de abẹ́rẹ́. "Ẹ sá!" ni Babáṣọlá wí.

Lucy sá ìṣísẹ̀ mẹ́ta, ó tẹ etí gáùn mọ́lẹ̀, ó ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́, díẹ̀ ló kù kó ṣubú sórí àtẹ ọlọ́sàn. Ìbínú ló fi fa apá òsì gáùn náà sókè dé orúnkún, ó dì í mú gírígírí, ó sì ń sá lọ. Apá òsì ga, ó ṣẹ́ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́; apá ọ̀tún ń gbá eruku lẹ́yìn rẹ̀. Fàósátù ti fọwọ́ bojú. Ó ń dúró kí wọ́n bú òun. Nígbà tó ṣíwọ́ lójú, ó rí Babáṣọlá tó ń fò sókè bí ọmọdé: "Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fọwọ́ kan gáùn yẹn mọ́ o! Bẹ́ẹ̀ gan-an ni mo ṣe fẹ́ ẹ!"

Oṣù mélòó kan lẹ́yìn náà ni wọ́n fi fíìmù náà hàn ní Ìsọlọ̀. Orúkọ àwọn tó ṣiṣẹ́ níbẹ̀ jáde lójú sinimá, orúkọ ẹni tó se ìrẹsì fún wọn pàápàá wà níbẹ̀. Ti Fàósátù ò sí. Táòfíkì bínú títí wọ́n fi délé. Ó dun Fàósátù náà, kò fi bò. Ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ méjì ò pé tí àwọn ọmọbìnrin Aswani fi bẹ̀rẹ̀ sí í fa apá òsì síkẹ́ẹ̀tì wọn sókè bí wọ́n bá ń rìn, kódà níbi tí ẹrẹ̀ ò sí. Àwọn awakọ̀ tó ń gbẹ́rù jáde níléeṣẹ́ á máa kígbe sí wọn pé, "Gbé e dání!" Bí aṣọ náà ṣe gba orúkọ nìyẹn.

Ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Ọládùnní wá sí ṣọ́ọ̀bù lọ́sàn-án ọjọ́ kan, aṣọ kan ká sínú lailọ́ọ̀nù rẹ̀.

"Ẹ káàsán, mà. Ṣé ẹ̀yin ni Awòrán?"

"Èmi ni."

"Ọ̀gá Mísbáù ní Òṣòdì ló ní kí n wá. Wọ́n ní àwọn máa rán Gbédání fún mi, wọ́n wá gé apá òsì ẹ̀ dànù. Ẹ wò ó, bí ìgbà tí eku jẹ ẹ́. Wọ́n ní àwọn ti wo fíìmù yẹn lẹ́ẹ̀mẹta, àwọn ò mọ bí wọ́n ṣe rán an. Wọ́n ní bí ẹnì kan bá máa lè wò ó rán, ẹ̀yin ni."

Fàósátù gba aṣọ náà, ó tẹ́ ẹ sórí tábìlì. Ọ̀gá Mísbáù! Lẹ́ẹ̀mẹta! Ayọ̀ gbà á lọ́kàn. Táòfíkì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ṣíífù dé ti la ẹnu láti sọ gbogbo rẹ̀, àmọ́ Fàósátù tẹ̀ ẹ́ lẹ́sẹ̀.

"Ṣé ẹ lè rán an, mà?" Ọládùnní bi í.

"Màá gbìyànjú."

Ó ra sátíìnì tuntun, ó rán an, ó fi bọ́tìnnì kan gbé apá òsì rẹ̀ sókè mọ́ ìbàdí kí ọwọ́ lè ráyè ṣe nǹkan mìíràn. Lọ́jọ́ tí Ọládùnní wá gbà á, ó wọ̀ ọ́, ó yí síwá yí sẹ́yìn níwájú dígí, ẹ̀rín kún ẹnu rẹ̀.

"Ẹ ṣeun gan-an, mà. Ó jọ ọ́ o! Àmọ́ kẹ́ ẹ má bínú, ti inú fíìmù yẹn ṣì dáa jù ú lọ díẹ̀. Ó dá mi lójú pé Ìlú Ọba ni wọ́n ti rán ìyẹn."

Fàósátù rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

"Òótọ́ lo sọ, ọmọ mi," ó ní. "Èmi náà ò lè rán irú ẹ̀ mọ́. Ẹ̀rù ló ń ba ẹni tó rán ìyẹn lọ́jọ́ tó rán an."