Maṣíìnì Ẹlẹ́sẹ̀ Tí Bàbá Mi Ń Yàn

Àwọn kan fẹ́ràn láti máa wí pé àwa Yorùbá kò mọyì àkókò. Irọ́ ni. A mọyì rẹ̀ dáadáa, ṣùgbọ́n àkókò ẹni tó ń yàn nìkan ni. Ti ẹni tí a ń yàn fún kò já mọ́ nǹkan kan lójú wa. Inú ìsọ̀ kan ní Ìkẹ́rẹ́ ni mo ti rí i, ọdún díẹ̀ ṣáájú òmìnira, inú tó bí mi lọ́jọ́ náà kò sì tíì rọ̀.

Bàbá mi, àgbẹ̀ kòkó ní Ìṣẹ́, ti ṣèlérí maṣíìnì ìránṣọ fún ìyá mi bí wọ́n bá ti ta kòkó ọdún náà tán. Àdá ti gé ìyá mi lọ́wọ́ òsì níbi tó ti ń fọ́ kòkó, àwọn ìka náà sì ti gan, wọn kò ká mọ́. Bó bá jẹ́ maṣíìnì ẹlẹ́sẹ̀ ni wọ́n rà, ẹsẹ̀ ni yóò fi máa wà á, ọwọ́ ọ̀tún á sì máa darí aṣọ. Bó bá jẹ́ aláfọwọ́yí, ẹlòmíràn ni yóò máa bá a yí i. Èmi, àkọ́bí rẹ̀, ni ẹlòmíràn náà. Mo ti parí ilé-ìwé Mọ́dàn, kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́ obìnrin sì ti gbà mí. Oṣù kìn-ín-ní ni a ó wọlé. Ìyá mi kò fi ọ̀rọ̀ náà pa mọ́ fún mi.

"Bó bá jẹ́ ẹlẹ́sẹ̀, máa lọ. Bí kò bá jẹ́ ẹlẹ́sẹ̀, ta ni yóò bá mi ṣe uṣẹ́ náà?"

Nínú ẹbí wa, ọkùnrin kì í dá ra ohun tí a retí pé yóò pẹ́ jù ú lọ láyé. Ó gbọ́dọ̀ mú ẹlẹ́gbẹ́ rẹ̀ kan dání, kí àwọn méjèèjì sì fẹnu kò. Ìyàwó kò gbọdọ̀ dá sí i títí wọn yóò fi bi í. Báyìí ni àwa mẹ́rin ṣe wọ lọ́rì láti Ìṣẹ́: bàbá mi, ẹlẹ́gbẹ́ rẹ̀, ìyá mi àti èmi.

Maṣíìnì méjì péré ló wà nínú ìsọ̀ náà, aláfọwọ́yí kan, ẹlẹ́sẹ̀ kan. Akọ̀wé tó ń tajà fi èmi àti ìyá mi jókòó sórí bẹ́ǹṣì lẹ́nu ọ̀nà. Ní òdìkejì títì, obìnrin kan ṣẹ̀ṣẹ̀ ń sá ẹ̀gẹ́ sórí àpáta.

"Ẹlẹ́sẹ̀ yìí dára," bàbá mi wí, "ṣùgbọ́n bí awọ ìsàlẹ̀ tó ń yí kẹ̀kẹ́ rẹ̀ yìí bá já, ta ló ń ta irú rẹ̀ ní Ìṣẹ́?"

"Ikán ńkọ́?" ni ẹlẹ́gbẹ́ rẹ̀ fèsì. "Pákó ni tábìlì rẹ̀. Ikán ulé rẹ ò sì mọ ohun tí wọ́n ń pè ní maṣíìnì."

"Ká mú aláfọwọ́yí nígbà náà."

"Kí olè gbé e há abíyá?"

"Ẹlẹ́sẹ̀ ló yẹ, àbí?"

"Ohun tó bá ti lẹ́sẹ̀, ṣé ó dá ọ lójú pé yóò dúró sí ulé?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí. Akọ̀wé náà bá wọn rẹ́rìn-ín. Nígbà tí wọ́n tún un sọ, kò rẹ́rìn-ín mọ́.

Gbogbo ìbéèrè tí wọ́n bá dáhùn ló ń bí ìbéèrè mìíràn: epo rẹ̀, abẹ́rẹ́ rẹ̀, bí irin ṣe máa wúwo tó nínú lọ́rì, èwo ni ọmọ yóò lè jogún. Oòrùn tó wà lẹ́bàá ẹsẹ̀ mi ti gun orúnkún ìyá mi. Obìnrin òdìkejì títì ti ń kó ẹ̀gẹ́ rẹ̀ nílẹ̀.

"Yèyé, ẹ bá wọn sọ ọ́," mo rọra wí.

"Wọn ò tíì bi mí."

"Bí wọn ò bá bi yín ńkọ́?"

"Pa ẹnu mọ́. Mi ò ní dójú ti ọkọ mi ní Ìkẹ́rẹ́."

Oníṣòwò obìnrin kan láti Èmùré wọlé. Akọ̀wé wo bàbá mi. "Bàbá, ṣé ẹ ti mú ẹlẹ́sẹ̀?"

"Ní sùúrù. A ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wò ó ni."

Obìnrin náà jókòó, ó fẹsẹ̀ wà á, ó fetí sí i, ó ní, "Ẹ bá mi dì í." Ó sanwó.

Bàbá mi fi ìkanra yíjú. "Kí ló dé? A ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé ni!"

"Bàbá, láti òwúrọ̀ lẹ ti ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé," akọ̀wé wí.

Ohun tó dùn mí jù ni pé bàbá mi kò purọ́. Lójú tirẹ̀, a ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé lóòótọ́. Ẹni tó ń yàn kì í gbọ́ bí àkókò ṣe ń lọ. Àwa tí a jókòó sórí bẹ́ǹṣì ni à ń gbọ́ ọ. Ta ló wá fún un láṣẹ láti fi etí tirẹ̀ nìkan wọn ọjọ́ wa?

Akọ̀wé ní òun kò mọ ìgbà tí ẹlẹ́sẹ̀ mìíràn yóò dé. Lọ́rì tí yóò gbé wa padà ń fun fèrè.

"Ká má padà lọ́wọ́ òfo," ẹlẹ́gbẹ́ bàbá mi wí. "Gbogbo ìlú ló rí wa nígbà tí à ń bọ̀."

Kíá, wọ́n ra aláfọwọ́yí. Ìgbà náà ni bàbá mi wá rántí ìyá mi.

"Ó tẹ́ ọ lọ́rùn?"

"Ó tẹ́ mi lọ́rùn."

Nígbà tí oṣù kìn-ín-ní dé, àwọn ẹgbẹ́ mi gbé àpótí wọn lọ sí kọ́lẹ́ẹ̀jì. Èmi jókòó ti ìyá mi, mò ń yí irin ọwọ́ maṣíìnì náà, ó ń darí aṣọ. Bàbá mi kọjá pẹ̀lú àdá rẹ̀, ó dúró, inú rẹ̀ dùn sí ìró maṣíìnì.

"Ọdún kan péré ni, títí a ó fi ta kòkó mìíràn ra ẹlẹ́sẹ̀," ó wí. "Yóò kọjá kó o tó mọ̀."

Mo jọ̀wọ́ irin náà. "Bàbá, ẹ wá jókòó síbí, kí ẹ bá mi yí i, ká wo bí yóò ṣe yá tó."

Ìyá mi ò gbójú sókè. Bàbá mi ní oko ń dúró de òun, ó sì lọ.