Orin Tí Mo Kọ fún Ijó Yèyé Mi

Yèyé mi jó nígbà tí wọ́n ń sìnkú ìyá rẹ̀ ní Ìyìn, ìjọ wa ní Adó sì fi í sábẹ́ ìbáwí nítorí ẹ̀. Wọ́n ní ijó kèfèrí ni. Nígbà tí ọ̀rọ̀ orin yìí fi dé, ó ti pé ọdún mẹ́ta gbáko tí kò jẹ Oúnjẹ Olúwa. Bí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bá dìde lọ síwájú, òun á jókòó sórí bẹ́ńṣì ẹ̀yìn, á máa wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Mo ń pè é ní "ó" nínú ìwé yìí, kì í ṣe àìlẹ́kọ̀ọ́. Bí a ti ń bá òbí sọ̀rọ̀ nílé wa ní Òkè-Ìlá, ládùúgbò wa ní Adó, nìyẹn, kí ẹni tí kò bá tẹ́ lọ́rùn máa bínú lọ.

Ó ku ọdún mélòó kan kí ogun òyìnbó ẹlẹ́ẹ̀kejì bẹ́. Tíṣà kékeré ni mí ní ilé ìwé ìjọ, mo sì ti kọ́ bí a ṣe ń kọ orin sílẹ̀ ní dó-rè-mí. Ìjọ Ìgèdè ti jẹ́ kí àwọn obìnrin wọn jó wọ ṣọ́ọ̀ṣì níbi ìkórè, Adó kò sì fẹ́ gbẹ̀yìn. Katikíìsì wa pè mí pé kí n wá orin sí ijó tiwa, ṣùgbọ́n ìlù kankan kò gbọdọ̀ wọlé. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kí yèyé mi ṣáájú àwọn oníjó. Ó rò ó títí, ó ní, "Bí ijó náà bá lọ tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, a ó gbà á padà lọ́jọ́ náà gan-an." Inú mi dùn débi pé mo dọ̀bálẹ̀ nínú ẹrẹ̀.

Ẹnu ni mo wá fi ṣe ìlù. Mo pín àwọn akọrin sí mẹ́ta. Àwọn ọkùnrin ń kùn "hùn-ún, hùn-ún", kí ẹsẹ̀ lè rí nǹkan tẹ̀lé. Àwọn ọmọbìnrin ló gbé orin gan-an. Àwọn àgbà obìnrin di gbólóhùn kan mú nísàlẹ̀, lórí ohùn kan ṣoṣo tí kì í gòkè tí kì í sì í sọ̀: "Yèyé ń bọ̀, Yèyé ń bọ̀." Mo máa ń rin ọ̀nà Ìyìn nígbà òjò yẹn, màá kọ ti àwọn ọmọbìnrin ní àlọ, màá kọ ti àwọn àgbà ní àbọ̀, torí pé ẹnu kan kò lè kọ méjì pọ̀. Mo mọ̀ọ́mọ̀ yan "yèyé" ni. Gbé e sókè, fà á sísàlẹ̀, yèyé náà ni yóò máa jẹ́.

Nígbà tó ku ọ̀sẹ̀ kan kí ìkórè dé, katikíìsì wá gbọ́ wa. Kì í ṣe ará Èkìtì, bí a bá sì ti pe ilé ní "ulé", á bú sẹ́rìn-ín. Ó ní, "Tíṣà, èdè oko nìyí. 'Ìyá' ni Bíbélì ń pè é. Yí i padà."

Mo yí i padà. Yèyé mi kò sí níbẹ̀, ó ti lọ kó iṣu lóko, ó sì ti mọ ijó rẹ̀ tán. Àwọn àgbà obìnrin kọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan péré tí mo fi gbọ́ ọ. Lórí ohùn ìsàlẹ̀ tí kò gòkè yẹn, "ìyá" ti di "ìyà". Ìyà ń bọ̀, ìyà ń bọ̀. Mo tọ katikíìsì lọ.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ohùn ìsàlẹ̀ ń sọ nǹkan mìíràn. Ẹ jẹ́ kí n gbé e gòkè díẹ̀."

"Ta ni yóò gbọ́ ìsàlẹ̀ nígbà tí òkè ń kọrin? Má fọwọ́ kàn án mọ́." Ó wá bi mí bóyá mo ṣì fẹ́ kí òun kọ lẹ́tà sí kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́ pé kí wọ́n gbà mí. Mo panu mọ́. Mo kórìíra rẹ̀ títí dòní, ṣùgbọ́n èmi ni mo panu mọ́.

Lọ́jọ́ ìkórè, yèyé mi wọ aṣọ funfun. Ó jó wọlé, ó tẹ̀ mọ́lẹ̀ díẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ bá ti àwọn ọkùnrin mu rẹ́gí. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dé àárín kí ohùn ìsàlẹ̀ tó wọlé. Ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀ lápá ọ̀tún, ó ràn dé apá òsì, ó mú àwọn ọmọbìnrin tó ń kọrin pàápàá, orin òkè sì dákẹ́. Àwọn àgbà nìkan ló kù, torí mo ti kọ́ wọn pé ohunkóhun tí ì báà ṣẹlẹ̀, wọn kò gbọdọ̀ dúró. Ìyà ń bọ̀, ìyà ń bọ̀. Yèyé mi dúró, ó yípadà, ó sì bá ẹnu ọ̀nà jáde. Katikíìsì ní gbogbo ìjọ ti rí i pé ijó náà kò lọ tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀.

Mo bá a nílé, nídìí ààrò, aṣọ funfun yẹn ṣì wà lọ́rùn rẹ̀.

"Ùyà lẹ pè mí nínú ulé Ọlọ́run," ó ní. Ó wò mí. "Ọmọ mi, ṣé o ti gbọ́ ọ kí òní tó dé?"

"Rárá, yèyé."

"Mo mọ̀. Bí o bá gbọ́ ọ ni, o ò ní gbà fún wọn."

Wọn kò gbà á padà títí ó fi kú. Nígbà tí lẹ́tà kọ́lẹ́ẹ̀jì dé, òun ló ru àpótí mi dé ìdí mọ́tò, ó sì ń sọ fún gbogbo ẹni tí a bá pàdé pé ọmọ òun kì í purọ́.