Ẹ̀jẹ́ Tí Àjíbíkẹ́ Fẹ́ Jẹ́ Létí Òkun

Bẹ́ ẹ bá dé Ìbàfò, tẹ́ ẹ ní Sùwéébátù lẹ ń wá, ẹ máa wá a títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ṣùgbọ́n ẹ ní "Ìyá Jẹ̀lílì oníbọ̀ọ̀lì," kódà ọlọ́kadà tó dé sílùú lánàá á gbé yín dé ìdí iná rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì márosẹ̀. Ẹnu ìyá náà mú. Tẹ́ ẹ bá ní bọ̀ọ̀lì rẹ̀ kéré, á ní kẹ́ ẹ lọ gbin ọ̀gẹ̀dẹ̀ tiyín, kẹ́ ẹ dúró dè é kó sanra. Ẹ máa bínú lọ, ẹ ó sì tún padà wá lọ́la, torí bọ̀ọ̀lì rẹ̀ dùn ju ìbínú lọ.

Ó tún níṣẹ́ kejì, èyí tí kì í gba kọ́bọ̀ lórí ẹ̀. Bí obìnrin Mùsùlùmí bá kú láti Ìbàfò dé Mowe, òun ni wọ́n máa ń ránṣẹ́ pè kó wá wẹ òkú. Á ká apá aṣọ sókè, á wẹ̀ ẹ́ bí ẹni ń wẹ ọmọ ọwọ́, á di í sínú aṣọ funfun, á wá jáde sọ fáwọn ọmọ olóòkú pé, "Ẹ sunkún yín báyìí o. Ẹ má gbé e pamọ́ dọ̀la." Gbogbo ìlú ló ń gba ìmọ̀ràn yìí lẹ́nu rẹ̀. Òun alára ò gbà á. Ohun tó sì mú mi jókòó ti ọ̀rọ̀ yìí nìyẹn.

Ará Ìsẹ́yìn ni. Ọkọ rẹ̀, bíríkìlà, ló mú un wá sí Ìbàfò nígbà tí igbó ṣì pọ̀ níbẹ̀ ju ilé lọ. Ọkùnrin náà kú, ó fi ọmọ kan ṣoṣo sílẹ̀ fún un, Jẹ̀lílì. Jẹ̀lílì dàgbà, ó kọ́ṣẹ́ táìsì lílẹ̀, ó ń lẹ ẹ́ sílé àwọn olówó ní Arepo, ó sì fẹ́ Àjíbíkẹ́, ọmọ Ìfọ̀, ọmọ tí kì í kí èèyàn lórí ìdúró. Ọdún mẹ́rin sẹ́yìn, Jẹ̀lílì ní ó ti rẹ òun láti máa tẹ́ táìsì tí òun ò ní rìn lórí ẹ̀. Ó ní Líbíà lòun ń lọ, láti ibẹ̀ lòun á ti bọ́ sí Ítálì. Ìyá rẹ̀ bẹ̀ ẹ́, ó bú u, ó kígbe lé e lórí. Ọmọ náà dọ̀bálẹ̀, ó ní, "Màmi, ẹ ṣàdúà fún mi." Òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ Mùsáfírù ni wọ́n jọ lọ. Oyún oṣù méjì wà nínú Àjíbíkẹ́.

Oṣù karùn-ún tí wọ́n lọ, lọ́sàn-án Ọjọ́bọ̀ kan, fóònù Sùwéébátù dún nídìí iná. Mùsáfírù ni. Ọmọkùnrin náà ń sunkún tó bẹ́ẹ̀ tí ìyá náà fi bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún kó tó gbọ́ ohun tó ń wí.

"Màmá, ọkọ̀ ojú omi wa dojú dé. Jẹ̀lílì ò jáde mọ́."

"Ṣé o rí òkú ẹ̀?"

"Mi ò rí i, Màmá. Ṣùgbọ́n ọwọ́ mi ló dì mú. Ọwọ́ wa já."

Bọ̀ọ̀lì jóná mọ́ orí wáyà. Sùwéébátù gbójú sókè, ó rí Àjíbíkẹ́ tó ń gbé omi bọ̀, pẹ̀lú ikùn oṣù méje, tó ń rẹ́rìn-ín sí i láti òkèèrè. Ó sọ sínú fóònù pé, "Mùsáfírù, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ ẹ́, má sọ fún ẹnikẹ́ni." Ó pa fóònù. Ó ní èéfín ló wọ òun lójú.

Ẹ má tíì dá a lẹ́bi. Ta ló máa sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ fún aláboyún? Ó ní kó kọ́kọ́ bímọ ná. Ó bí Ayọ̀níkẹ́. Ó ní kó kọ́kọ́ já ọmọ lẹ́nu ọmú ná. Wọ́n já a. Ó ní kọ́mọ náà kọ́kọ́ mẹsẹ̀ rìn dáadáa. Ọmọ ń sáré kiri àgbàlá, ó ń fa ìyá bàbá rẹ̀ láṣọ, ó ń jí ẹ̀pà rẹ̀ jẹ nídìí iná, ọ̀rọ̀ náà ṣì wà nínú Sùwéébátù. Nígbà tó yá, kì í ṣe ọmọ mọ́, ara rẹ̀ ló ń gbà sílẹ̀. Ó mọ̀ pé lọ́jọ́ tóun bá sọ ọ́, àwọn ará Ìfọ̀ á wá mú ọmọ wọn, wọ́n á gbé ọmọ-ọmọ òun dání, yàrá méjì tóun rẹ́ǹtì á sì ku òun àti àpótí. Àwọn àgbà ní ọmọ ẹni kú, ó sàn ju ọmọ ẹni nù lọ. Sùwéébátù dorí òwe náà kodò. Tó bá jẹ́ pé ó nù ni, ìyàwó á dúró dè é. Bó ṣe fi irọ́ ṣe òrùlé nìyẹn, tó kó ìyàwó ọmọ rẹ̀ sábẹ́ ẹ̀, ohun tó lé lọ́dún mẹ́ta.

Lọ́dọọdún, ẹgbẹ́ àdúà Mowe àti ti Ìfọ̀ máa ń háyà ọkọ̀ lọ ṣe síyárà níbojì Ṣéù Elétí-Òkun, lápá Ìbẹ̀jú lọ́hùn-ún. Àfáà ayé àtijọ́ ni ṣéù náà, wọ́n ní ó máa ń jókòó sórí iyanrìn, á máa fi tẹ̀sùbáà rẹ̀ ṣàdúà títí ọkọ̀ apẹja tó kẹ́yìn á fi gúnlẹ̀. Ìdí nìyẹn táwọn tí èèyàn wọn wà lájò fi máa ń lọ síbẹ̀ jù. Àwọn àfáà kan wà tí wọ́n ń bú wọn, pé kí ló dé tí wọn ò jókòó sílé bẹ Ọlọ́run. Ẹjọ́ yẹn kọ́ ni mo wá dá. Ohun tí mo mọ̀ ni pé Sùwéébátù ti mú Àjíbíkẹ́ lọ síbẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, ó ti ń ṣe "àmín" sí àdúà kí Jẹ̀lílì dé láyọ̀, ó sì mọ̀.

Lọ́dún yìí, wọ́n fi Ayọ̀níkẹ́ síbi ìyá Àjíbíkẹ́ ní Ìfọ̀, wọ́n wọ kósítà àwọn ará Mowe láàárọ̀ kùtù. Ọkọ̀ gba Ṣàgámù, ó ń lọ sápá Ìkòròdú. Àjíbíkẹ́ sún mọ́ ìyá ọkọ rẹ̀.

"Màmá, mo fẹ́ jẹ́ ẹ̀jẹ́ lónìí."

"Ẹ̀jẹ́ kí ni?"

"Wọ́n ti tún dé o. Bọ̀ọ̀dá Zubair yẹn, tó ń tún jẹnẹrétọ̀ ṣe ní Ìfọ̀, ìyàwó ẹ̀ kú léṣìí. Ó ti lọ bá bàbá mi. Wọ́n ní kí n lọ bá àfáà kó já ìgbéyàwó mi, pé Jẹ̀lílì ti pẹ́ jù. Mo fẹ́ fọwọ́ kan ibojì, kí n búra pé mi ò ní fẹ́ ọkùnrin míì láyé mi, àfi tí Jẹ̀lílì bá dé. Tí mo bá ti ṣe bẹ́ẹ̀, kò sẹ́ni tó máa tún yọ mí lẹ́nu. Ẹ̀yin lẹ máa ṣẹlẹ́rìí mi."

Bẹ́ẹ̀ gan-an ni wọ́n ń ṣe é níbẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ jẹ́jẹ̀ẹ́, àgbà tó mú un wá gbọ́dọ̀ jẹ́rìí lójú gbogbo èèyàn pé òótọ́ ni ọ̀rọ̀ tó ń jẹ́jẹ̀ẹ́ lé lórí. Ẹni tó bá sì ti jẹ́ ẹ níbẹ̀ tán, àwọn ará ilé rẹ̀ ò tún ní gbẹ́nu lé e mọ́.

Mi ò ní purọ́ fún yín, inú Sùwéébátù kọ́kọ́ dùn. Láti Ìkòròdú títí tí wọ́n fi rí ojú omi Ẹ̀pẹ́, inú rẹ̀ ń dùn. Àjíbíkẹ́ á jẹ́ tòun títí ayé. Ìyàwó ọmọ rẹ̀ wá sùn lọ lé e léjìká. Làálì tuntun wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ní kò yẹ kí òun lọ tọrọ ọkọ òun lọ́wọ́ Ọlọ́run pẹ̀lú ọwọ́ lásán. Ẹni ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n. Sùwéébátù wo ọwọ́ náà, ó rí i bó ṣe máa hun jọ lọ́jọ́ kan, tó máa gbẹ, tí á ṣì máa kun làálì de òkú.

Nígbà tí wọ́n sọ̀ kalẹ̀, ó fà á sẹ́yìn ọkọ̀. "Ìyàwó mi, fi ẹ̀jẹ́ yìí sílẹ̀. Kò pọn dandan."

"Háà, Màmá! Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi pé kí n má sọ̀rètí nù. Ṣé ó ti ń rẹ ẹ̀yin náà ni?"

"Mo ní kó o fi í sílẹ̀!"

Àjíbíkẹ́ kàn rẹ́rìn-ín, ó fọwọ́ nu òógùn lójú ìyá náà. Ó rò pé àánú òun ló ń ṣe é.

Ibojì náà ò tóbi. Ilé kékeré ni, wọ́n kùn ún ní ẹfun, wọ́n fi aṣọ àwọ̀ ewé bo sàréè inú ẹ̀, òkun sì ń bú lẹ́yìn ògiri débi pé kò sẹ́ni tó lè sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́. Àfáà Yínúsà, bàbá arúgbó tó ń tọ́jú ibẹ̀, jókòó ti orí sàréè. Wọ́n ka Yáásínì, wọ́n ṣàdúà. Wọ́n wá ké sáwọn tó fẹ́ jẹ́jẹ̀ẹ́. Àjíbíkẹ́ jáde, ó kúnlẹ̀, ó fọwọ́ lé aṣọ náà, ó sọ ohun tó wá sọ láìdúró mí. Àwọn obìnrin ń ṣe "Allāhu Akbar." Àwọn ará Ìfọ̀, tó wọ ọkọ̀ tiwọn wá, ń wo ara wọn.

Àfáà Yínúsà gbójú sókè. "Ìyá, ẹ̀yin lẹ mú un wá. Ṣé ẹ jẹ́rìí pé ọkọ ẹ̀ wà láyé, pé ìrìn àjò ló lọ?"

Sùwéébátù ń wo ọwọ́ onílàálì tó wà lórí aṣọ náà.

"Màmá," ni Àjíbíkẹ́ wí, "ẹ ní bẹ́ẹ̀ ni."

"Mi ò lè jẹ́rìí."

"Màmá?"

"Gbọ́wọ́ kúrò níbẹ̀, ọmọ mi. Gbọ́wọ́ kúrò." Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. "Jẹ̀lílì ti kú. Omi ló gbé e lọ. Mùsáfírù pè mí. Kó o tó bímọ ló ti kú."

Òkun nìkan ló ń bú. Ọwọ́ Àjíbíkẹ́ ṣì wà lórí aṣọ náà bó ṣe wà.

"Kí n tó bímọ," ló wí. Ó rò ó síwá, ó rò ó sẹ́yìn. "Lọ́jọ́ ìkómọ, ẹ gbé fóònù sétí. Ẹ ní Jẹ̀lílì ló wà níbẹ̀, pé nẹ́tíwọ̀kì ò jẹ́ kó lè bá mi sọ̀rọ̀, pé ó ní kẹ́ ẹ kí mi kú ewu. Ta lẹ ń bá sọ̀rọ̀, Màmá?"

"Kò sí ẹnì kankan."

"Mo jó lọ́jọ́ yẹn."

"Mo rí ẹ."

Àjíbíkẹ́ yíjú sí àfáà. "Baba, ẹ jọ̀ọ́, opó mi ńkọ́? Ṣé òní ni mo máa ti bẹ̀rẹ̀ sí í kà á?"

Àánú ṣe bàbá náà, ó sì fẹ́ fi òfin tù ú nínú. "Kò sí opó lọ́rùn rẹ mọ́, ọmọ mi. Opó aláboyún, ọjọ́ tó bá bímọ ló parí. O ti ṣe é tán láìmọ̀. O lè lọ fẹ́ ẹni tó bá wù ẹ́, lónìí gan-an."

Ohun tó mú ẹkún jáde lójú ọmọ náà nìyẹn. Ó ju ara rẹ̀ sílẹ̀. "Kódà ọjọ́ kan! Wọn ò jẹ́ kí n ṣe é fún un lọ́jọ́ kan péré! Léèsì ni mo wọ̀! Jẹ̀lílì kú, mo wọ léèsì, mo ń bu ẹran fáwọn èèyàn!" Ó gba obìnrin mẹ́rin láti dì í mú.

Wọ́n jáde sórí iyanrìn, wọ́n tò, wọ́n kírun sí òkú tí kò sí níbẹ̀. Àfáà béèrè orúkọ rẹ̀ àti orúkọ ìyá tó bí i. Sùwéébátù ló dáhùn, láti ẹ̀yìn pátápátá. Nígbà tí wọ́n kírun tán, gbogbo ẹgbẹ́ rọ́ bo Àjíbíkẹ́. Wọ́n ń gbá a mọ́ra, wọ́n ń bu omi sí i lórí. Kò sẹ́nì kan tó dé ọ̀dọ̀ ìyá náà. Àwọn tó ti bá wẹ òkú ìyá wọn gan-an gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá bí ẹni kọjá lára òpó. Mi ò bú wọn, èmi náà ì bá máà mọ ohun tí mo máa sọ.

Ọkọ̀ méjèèjì bẹ̀rẹ̀ sí í fọn fèrè. Àjíbíkẹ́ já ara rẹ̀ gbà lọ́wọ́ àwọn obìnrin, ó ń bọ̀ wá síbi tí Sùwéébátù jókòó sí. Ìyá náà gbójú sílẹ̀, ó ń retí èébú, ó tiẹ̀ ń fẹ́ ẹ.

Ọmọ náà dúró. Lẹ́yìn náà ló kúnlẹ̀, orúnkún méjèèjì nínú iyanrìn, bó ṣe máa ń kúnlẹ̀ kí i láràárọ̀.

"Ẹ kú ará fẹ́ra kù, Màmá. Ọmọ yín lọ. Ọlọ́run á tù yín nínú."

Láti ọjọ́ tí ọmọ Sùwéébátù ti kú, kò tíì sẹ́ni tó kí i bẹ́ẹ̀ rí. Igbe tó ké lọ́jọ́ náà, àwọn apẹja tó ń tún àwọ̀n ṣe lọ́hùn-ún dìde dúró. Ó na ọwọ́ méjèèjì sí Àjíbíkẹ́.

Ṣùgbọ́n ọmọ náà ti dìde. Ó gbọn iyanrìn kúrò lórúnkún, ó sì lọ wọ ọkọ̀ àwọn ará Ìfọ̀.