Kọ́kọ́rọ́ Tó Wà Lábẹ́ Ẹsẹ̀ Mi

Aṣọ ọmọ ọwọ́ ni ìyàwó mi ń tà, ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kò sì jìnnà sílé wa ní Agége. Lọ́jọ́ Sátidé kan tí n kò lọ síbi iṣẹ́, mo tẹ̀ lé e lọ torí oníbàárà kan ń bọ̀ láti Ọmọ́lé wá kó ẹrù ìsọmọlórúkọ. Nígbà tá a débẹ̀, kọ́kọ́rọ́ àgádágodo di àwátì.

A padà sílé. A tú pálọ̀, a tú yàrá, a gbọn ìrọ̀rí wò. Èmi tí mo jẹ́ alábòójútó ibi ìkẹ́rùsí ní ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe ike ní Ìkẹjà, mo bẹ̀rẹ̀ ìwàásù.

"Ìyá wọn, gbogbo ẹrù tó wà níkàáwọ́ mi yẹn, kò sí ọ̀kan tó sọnù rí. Èèyàn gbọ́dọ̀ mọ ibi tí nǹkan rẹ̀ wà."

Ó ní ara ìṣó tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn lòun máa ń fi í kọ́, òun ò mọ bó ṣe kúrò níbẹ̀. A tún gba ṣọ́ọ̀bù lọ. Wẹ́dà wá gé àgádágodo, oníbàárà sì jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó ń wò wá bí ẹni ń wo fíìmù. Mo tún ìwàásù mi ṣe fún un, kó má baà rò pé àwa méjèèjì la ya aláìbìkítà.

Nígbà tá a délé, mo bọ́ bàtà ọ̀tún, kọ́kọ́rọ́ já bọ́ sílẹ̀. Abẹ́ ìṣó yẹn ni bàtà náà wà mọ́jú. Mo bọ́ ìbọ̀sẹ̀, àwòrán kọ́kọ́rọ́ wà ní àtẹ́lẹsẹ̀ mi, eyín rẹ̀ pé. Awọ ti bó níbì kan, ẹ̀jẹ̀ sì ti gbẹ mọ́ ìbọ̀sẹ̀.

Mo retí kí ìyàwó mi fi mí rẹ́rìn-ín. Kò rẹ́rìn-ín. Ó wo ẹsẹ̀ náà títí.

"Bàbá wọn, ẹ ò mọ̀ ọ́n lára rárá?"

"N ò mọ̀ ọ́n."

Ìgbà tí mo gbọ́ ọ lẹ́nu ara mi ni ẹ̀rù tó bà mí. Ó ti pẹ́ tí mo ti ní àtọ̀gbẹ. Fún oṣù mélòó kan, ẹsẹ̀ mi ti ń ta mí bíi pé wọ́n fi ata kùn ún, nígbà mìíràn á dà bíi pé èèrà ń rìn láàárín àwọn ìka rẹ̀. Òòró gangan tí mò ń dúró níbi iṣẹ́ ni mo dá lẹ́bi. Mo ra ìpara gbígbóná. Nígbà tí títa náà lọ sílẹ̀, mo polówó ìpara fún gbogbo ará ibi iṣẹ́. Àṣé ẹsẹ̀ ló ń kú lọ.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, a lọ sílé ìwòsàn. Nọ́ọ̀sì ní kí n dijú, ó mú fọ́nrán kan tó rí bí okùn ìpẹja, ó ní òun á máa fi kan ẹsẹ̀ mi, kí n sọ fún òun tí mo bá ti mọ̀ ọ́n. Mo ń dáhùn geere, "Bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ ni."

Ìyàwó mi ní, "Nọ́ọ̀sì, wọ́n ń yọjú wò yín."

Nọ́ọ̀sì fi ìwé bo ojú mi. Mo dákẹ́, mo ń retí. Nígbà tó pẹ́, mo bi í pé ìgbà wo ló fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Ó ní òun ti parí ẹsẹ̀ ọ̀tún.

Dókítà ní ṣúgà ló ti ba àwọn iṣan tó ń gbé ìròyìn láti ẹsẹ̀ lọ sí ọpọlọ jẹ́. Ó yí oògùn mi padà.

"Ẹsẹ̀ yín ò lè ké mọ́ tí nǹkan bá gún un," ó ní, "ojú yín ni kó máa bá a ṣọ́ ọ."

Ó ní n kò gbọdọ̀ rìn láìwọ bàtà, kódà nínú ilé. Kí n máa gbọn bàtà kí n tó kisẹ̀ bọ̀ ọ́. Ìgbọ̀nwọ́ ni kí n máa fi tọ́ omi gbígbóná wò. Kí n má sì fi abẹ fá èépá ẹsẹ̀.

Bí ìyàwó mi ṣe di kọ́sítọ́ọ̀mù ẹnubodè nìyẹn. Tá a bá ti kírun Mọ̀ńgàríbì tán, á gbé jígí sábẹ́ ẹsẹ̀ mi, á tan iná fóònù, á máa yẹ àárín ìka wò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ọgbẹ́ kọ́kọ́rọ́ yẹn pẹ́ kó tó jinná. Lẹ́yìn rẹ̀ ni mo ra bàtà tuntun kan, aláwọ̀ dúdú, ẹnu ṣóńṣó. Lálẹ́ ọjọ́ kejì, ó rí ibi pupa kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọńdinrín ẹsẹ̀ mi.

"Bàtà yìí ti ń jẹ yín."

"Tuntun ni. Ó máa rọ̀."

Nígbà tí mo máa fi tibi iṣẹ́ dé lọ́jọ́ tó tẹ̀ lé e, ó ti fi bàtà ta bàbá tá a jọ ń gbé ilé lọ́rẹ. Ibi pupa náà lọ láàárín ọjọ́ mélòó kan. Ẹsẹ̀ ṣì kú, dókítà ò sì ṣèlérí pé yóò jí, ṣùgbọ́n n ò tíì ní ọgbẹ́ mìíràn. Bàbá yẹn ń wọ bàtà mi lọ kírun Jímọ̀. Tó bá rí mi, á ní ó bá òun mu gan-an, èmi náà á dáhùn pé, "Àlùbáríkà."