Ẹ̀jẹ̀ Onígbàjámọ̀ àti Iyọ̀ Ìyàwó Rẹ̀

Ìtàn yìí gbéra, kò balẹ̀ sórí ọba, kò balẹ̀ sórí ìjàpá. Ẹnu ààrò búrẹ́dì ló balẹ̀ sí, ní ẹ̀yìnkùlé obìnrin kan tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Ìyá Oníbúrẹ́dì. Obìnrin náà kò ga, kò sì sanra, ṣùgbọ́n apá rẹ̀ le bí òpó ilé, nítorí ọwọ́ lásán ló fi ń po fúláwà láti ìgbà ọmọge rẹ̀. Ẹni tó bá ti jẹ búrẹ́dì rẹ̀ rí, tó wá lọ jẹ ti ẹlòmíràn, ṣe ló máa dà bíi pé ìwé ló ń jẹ.

Àṣírí kan wà tí àdúgbò kò mọ̀. Ahọ́n Ìyá Oníbúrẹ́dì ti kú. Ibà líle kan ló dá a dùbúlẹ̀ nígbà kan. Nígbà tó dìde, ara yá, ẹsẹ̀ yá, ahọ́n ló kọ̀ tí kò yá mọ́. Iyọ̀ àti iyanrìn wá di ẹgbẹ́ ara wọn lẹ́nu rẹ̀. Oníbúrẹ́dì tí kò mọ iyọ̀, kí ló fi yàtọ̀ sí awakọ̀ tí kò ríran? Ọkọ rẹ̀ nìkan ló finú hàn. Ọkọ rẹ̀ ní kí ló wá di ẹkún níbẹ̀, ṣebí òun ní ahọ́n, ahọ́n kan sì tó ìdílé kan.

Onígbàjámọ̀ ni ọkọ yìí. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà níwájú ilé, ààrò ìyàwó rẹ̀ wà lẹ́yìn. Èéfín ń jáde lẹ́yìn, ìròyìn ń jáde níwájú. Bẹ́ẹ̀ ló di pé ní ìdájí, kí ọkùnrin náà tó ṣí ṣọ́ọ̀bù, á kọ́kọ́ wá jókòó sórí àpótí nídìí ààrò. Ìyàwó rẹ̀ á já fúláwà bíńtín lára èyí tó ti pò, á yan án kí ìyókù tó wú. Ọmọ búrẹ́dì ni wọ́n ń pè é. Ọkọ á bù ú jẹ, á pajú dé bí adájọ́, á wá dá ẹjọ́ rẹ̀: "Ó tó," tàbí, "Fi iyọ̀ díẹ̀ sí i." Lẹ́yìn ìyẹn wọn á mu tíì, wọn á sọ̀rọ̀ àwọn ọmọ, wọn á fi aládùúgbò ṣe yẹ̀yẹ́ díẹ̀, ilẹ̀ á mọ́.

Ṣùgbọ́n àṣírí tún wà nínú àṣírí, bí pupa ṣe wà nínú ẹyin. Ọjọ́ ti pẹ́ tí Ìyá Oníbúrẹ́dì ti rí i pé ọmọrí agolo mílíìkì kan wà tó jẹ́ pé, bí iyọ̀ bá kún un dé etí, ó tó ọpọ́n fúláwà kan géérégé. Kì í yẹ̀. Kò nílò ahọ́n ẹnikẹ́ni mọ́. Kò sọ fún ọkọ rẹ̀. Kí ló fẹ́ sọ ọ́ fún? Àwọn ọmọ ti lọ sílé ọkọ, ilé ti dákẹ́. Bí onígbàjámọ̀ bá sì ti ti ṣọ́ọ̀bù, orí àga ló ń sùn sí, tòun ti bàtà lẹ́sẹ̀. Ìdájí yẹn nìkan ni obìnrin náà fi ń rí ọkọ rẹ̀ lójúfò. Ló bá ki ọmọrí bọ abẹ́ àpò fúláwà. Nígbà mìíràn á tilẹ̀ mọ̀ọ́mọ̀ dín iyọ̀ kù, kí ọkùnrin náà lè rí nǹkan bá a wí, kí inú rẹ̀ lè dùn.

Bí ayé wọn ṣe ń lọ nìyí kí ẹ̀jẹ̀ tó wọ ọ̀rọ̀.

Ọkùnrin kan wà tó ń ta fóònù ní ìkòríta. Mo-Ti-Kà-Á ni ìnagijẹ rẹ̀, nítorí kò sí ohun tí ẹ máa sọ níwájú rẹ̀ tí kò ní ní òun ti kà á. Lọ́jọ́ kan tí onígbàjámọ̀ ń fá ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀, ó gbọ́ bí bàbá náà ṣe ń mí hẹlẹhẹlẹ. Kì í ṣe irọ́, onígbàjámọ̀ ti tóbi. Bó bá fẹ́ gẹrun, ikùn rẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ oníbàárà kí ọwọ́ rẹ̀ tó dé. Mo-Ti-Kà-Á ní kò sóhun méjì tó fà á, oúnjẹ tí kò bá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ mu ló ń jẹ. Ó ní oúnjẹ ẹnì kọ̀ọ̀kan wà nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Ọdẹ ni baba ńlá ẹlẹ́jẹ̀ O, ẹran ni kó máa jẹ, àlìkámà tí wọ́n fi ń ṣe búrẹ́dì sì ni ọ̀tá rẹ̀. Ẹlẹ́jẹ̀ A, ewébẹ̀ àti ẹ̀wà ni tirẹ̀. Ẹlẹ́jẹ̀ B lè mu wàrà, ṣùgbọ́n kó sá fún adìyẹ bí ẹni sá fún májèlé.

Onígbàjámọ̀ dá abẹ dúró. Ó ní òun mọ ẹ̀jẹ̀ tòun. Nígbà kan tó jábọ́ láti orí òrùlé tó ń tún ṣe, ẹ̀jẹ̀ dà lára rẹ̀ púpọ̀, ìyàwó rẹ̀ ló sì nawọ́ ní ọsibítù pé kí wọ́n fa tòun sí i lára. Àwọn nọ́ọ̀sì yin obìnrin náà títí pé ẹ̀jẹ̀ O ni, ẹ̀jẹ̀ tí kì í bá ẹnikẹ́ni jà.

"Ẹ̀jẹ̀ ìyàwó mi ló ń ṣàn lára mi," ló wí. "Bí tirẹ̀ bá jẹ́ O, èmi náà ti di O nìyẹn."

Mo-Ti-Kà-Á mi orí. Ó ní òun ti ka ìyẹn náà.

Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì ń mọ́, onígbàjámọ̀ jókòó sórí àpótí, ó káwọ́ lẹ́rán, ó wo ọmọ búrẹ́dì bí ẹni wo àna tó wá sin gbèsè.

"Ìyá Nọ́ọ̀sì, mi ò ní lè jẹ ẹ́." Nọ́ọ̀sì ni àkọ́bí wọn, òun ni wọ́n fi ń pe ara wọn.

"Kí ló ṣe é?"

"Kò ṣe nǹkan kan. Ẹ̀jẹ̀ mi ni kò fẹ́ ẹ."

"Ẹ̀jẹ̀ yín ti ń jẹ ẹ́ látọjọ́ yìí, kò fọhùn."

"Kì í ṣe tèmi. Tìẹ ni. Àbí o ti gbàgbé ọjọ́ tí mo jábọ́?"

"Ó dáa bó bá jẹ́ tèmi," ni Ìyá Oníbúrẹ́dì wí. "Ẹ jẹ́ kó gbọ́ràn sí mi lẹ́nu nígbà náà. Mo ní kó jẹ búrẹ́dì."

Onígbàjámọ̀ kàn dìde. Ìyàwó rẹ̀ bẹ̀ ẹ́ pé kó tọ́ ọ wò kó tu ú dànù, ọkùnrin náà ní àlìkámà kì í dúró de kí wọ́n gbé e mì. Láti ọjọ́ náà, kò dé ìdí ààrò mọ́. Bí àkùkọ bá ti kọ, á wọ bàtà, á fẹsẹ̀ rìn já òdìkejì ìlú lọ sọ́dọ̀ alápatà, kí àwọn tó mọ ẹran yàn tó kó èyí tó dáa lọ. Adìyẹ ló sì pọ̀ jù nínú ohun tó ń rà bọ̀, torí eyín rẹ̀ kò fẹ́ wàhálà. Ó pa ọtí ẹlẹ́rìndòdò tì pẹ̀lú, èyí tó máa ń mu bí omi láàárín oníbàárà kan sí èkejì. Mo-Ti-Kà-Á ní ọdẹ kì í gbé ṣúgà sínú àpò.

Nídìí ààrò, Ìyá Oníbúrẹ́dì bu tíì sí ife méjì, ó rántí, ó da ọ̀kan padà. Àpótí ọkọ rẹ̀ ṣófo. Ológbò ilé wá gorí rẹ̀, ó lé e.

Ọmọrí agolo ń ṣiṣẹ́ rẹ̀, búrẹ́dì ń dùn bó ṣe ń dùn. Ohun tó wá bí obìnrin náà nínú ni ìgbà tí onígbàjámọ̀ sọ fún un tẹ̀ríntẹ̀rín pé kò sóun níbẹ̀, búrẹ́dì kò bàjẹ́, ọwọ́ rẹ̀ ti mọ́ ọn, kó máa dá a ṣe lọ. Obìnrin náà lọ fa ọmọrí yọ lábẹ́ àpò. Lọ́jọ́ kejì, ó wọn iyọ̀ kún un, ó dà á sí ọpọ́n. Ó tún wọn ọ̀kan, ó dà á. Ó wo ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, ó tún fi ẹ̀kúnwọ́ kan ṣe èènì.

Ẹni tó bá wá ráhùn, èsì kan náà ló ń fún un, pẹ̀lú ìrẹ̀lẹ̀: ọkọ òun ni ọ̀gá iyọ̀ nílé yìí, kí wọ́n lọ bá a ní ṣọ́ọ̀bù.

Tíṣà Àgbà ló kọ́kọ́ dé. Obìnrin tó ti fẹ̀yìn tì ni, ó kọ́ ìdajì àdúgbò ní ìwé, títí kan onígbàjámọ̀ fúnra rẹ̀. Ó wọlé tòun ti búrẹ́dì lọ́wọ́, ó jókòó sórí àga ìgẹrun, ó kọjú sí díńgí.

"Mi ò wá gẹrun," ló wí. "Mo wá bi ẹ́ léèrè ohun tí mo fi ṣẹ̀ ẹ́, tí o fi fẹ́ fi iyọ̀ kun mí bí ẹja gbígbẹ."

Kó tó dìde, àwọn mìíràn ti tò sẹ́yìn rẹ̀. Ẹni tó wá fá irùngbọ̀n kò ráàyè jókòó. Ṣùgbọ́n onígbàjámọ̀ kò yẹ̀. Ó ká ẹ̀wù sókè, ó fi ihò tuntun tó dá sára bẹ́líìtì rẹ̀ hàn wọ́n. Ó ní kí wọ́n wo bí òun ṣe ń mí, ṣé wọ́n gbọ́ hẹlẹhẹlẹ? Ó ní ẹ̀jẹ̀ kì í purọ́, kí wọ́n ṣe sùúrù, iyọ̀ á yanjú ara rẹ̀.

Ìyá Oníbúrẹ́dì gbọ́ ọ láti ẹ̀yìn fèrèsé. Òótọ́ ni pé ara ọkọ rẹ̀ ń yá. Inú ta ni kò ní dùn sí ìyẹn? Ṣùgbọ́n bí ara bá fi báyìí yá tán, àpótí yẹn di ti ológbò títí láé. Ó ránṣẹ́ sí Nọ́ọ̀sì.

Nọ́ọ̀sì wá lọ́jọ́ ìsinmi rẹ̀, ó jókòó ti bàbá rẹ̀, ó bi í pé ta ló yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò. Bàbá rò ó fún un láti orí òrùlé dé orí ibùsùn ọsibítù. Ọmọ náà rẹ́rìn-ín títí tó fi di férémù ilẹ̀kùn mú.

"Bàbá mi, àlejò ni ẹ̀jẹ̀ Màámi lára yín. Ó wá, ó ṣiṣẹ́, ó lọ. Kò lo ju oṣù díẹ̀ lọ. Láti ìgbà náà, ẹ̀jẹ̀ tí ara yín ń ṣe fúnra rẹ̀ ló ń gbé yín kiri."

Onígbàjámọ̀ ní kò lè jẹ́ bẹ́ẹ̀, ó ní ṣé wọn ò rí i bí òun ṣe ń gbọ́ràn sí obìnrin náà lẹ́nu látọjọ́ náà ni? Ìyá Oníbúrẹ́dì ní òun kò rí i o. Wọ́n bá jọ lọ sí yàrá àyẹ̀wò ní ọsibítù. Wọ́n gún bàbá ní abẹ́rẹ́ níka, ó fajú ro bí ọmọdé. Èsì jáde: B ni.

Nígbà tí wọ́n padà dé, ṣọ́ọ̀bù ti kún. Onígbàjámọ̀ kò sọ ibi tó ti ń bọ̀. Ó rọra bi Mo-Ti-Kà-Á léèrè, bí ẹni tí ọ̀rọ̀ kò kàn, pé kí ló tún ní ó wà fún ẹlẹ́jẹ̀ B.

Mo-Ti-Kà-Á ní wàrà. Ó ní ṣùgbọ́n kó má fojú kan adìyẹ, májèlé ni.

Nọ́ọ̀sì tó dúró lẹ́nu ọ̀nà kò lè pa á mọ́ra, ó tú àṣírí bàbá rẹ̀. Gbogbo èrò ṣọ́ọ̀bù ló ti rí i bó ṣe ń já itan adìyẹ lójoojúmọ́ níwájú díńgí.

Tíṣà Àgbà ló là á. "Ìyẹn ni pé májèlé ló fa bẹ́líìtì rẹ wọlé?"

Ẹ̀rín bẹ́. Mo-Ti-Kà-Á ní ó lè jẹ́ pé ẹ̀jẹ̀ ìyàwó ṣì kù díẹ̀ ní kọ̀rọ̀ kan lára, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó gbọ́ ọ mọ́. Nọ́ọ̀sì dúró dìgbà tí ariwo rọlẹ̀, ó wá ṣàlàyé pé ẹlẹ́rìndòdò tí bàbá òun fi sílẹ̀ àti ìrìn tó ń rìn lọ sọ́dọ̀ alápatà ló ṣiṣẹ́ yẹn. Ó ní àwọn tó wádìí ọ̀rọ̀ náà rí i pé ẹni tó bá ń jẹun tó dáa, ara rẹ̀ á yá, ìbáà jẹ́ ẹ̀jẹ̀ wo ló ní. Oúnjẹ kì í bi ẹ̀jẹ̀ léèrè orúkọ kó tó wọlé. Kó máa rìn lọ, kó má padà sídìí ẹlẹ́rìndòdò. Búrẹ́dì kò sì bá a jà.

Ní ìdájí ọjọ́ kejì, Ìyá Oníbúrẹ́dì gbọ́ bàtà. Ó rò pé ọ̀dọ̀ alápatà ló ń lọ, kò gbójú sókè. Bàtà kò kọjá. Ó gbọ́ tí àpótí dún.

"Ẹsẹ̀ mi á kọ́kọ́ sinmi díẹ̀," ni onígbàjámọ̀ wí. "Tí mo bá mu tíì tán, mo máa rìn."

Obìnrin náà ní ó dáa. Ó bu tíì sí ife méjì, kò fi ṣúgà sí ti ọkọ rẹ̀. Ó ti wọn iyọ̀ tirẹ̀ tẹ́lẹ̀, ọmọrí kan, ó kún dé etí, kò lé, kò dín. Ó yọ ọmọ búrẹ́dì, ó gbé e fún un. Onígbàjámọ̀ bù ú, ó pajú dé, ó jẹ ẹ́ pẹ́ bí ẹni tó ń gbọ́ ẹjọ́ ilẹ̀ ogún.

"Fi iyọ̀ díẹ̀ sí i."

Ìyá Oníbúrẹ́dì kọ ẹ̀yìn sí i. Ó ki ọwọ́ bọ inú ìgò iyọ̀, ó yọ ọ́ lófìfo, ó wọ́n afẹ́fẹ́ sórí fúláwà, ó pò ó dáadáa. Ó já òmíràn, ó yan án, ó gbé e fún un.

"Ẹ̀n-ẹ́n. Ó tó wàyí." Onígbàjámọ̀ ṣí ojú, ó rẹ́rìn-ín. "Ṣé o rí ohun tí mò ń sọ? Bí mi ò bá sí níbẹ̀ ńkọ́?"

"Mo rí i, Bàbá Nọ́ọ̀sì," ni ìyàwó rẹ̀ wí, ó sì fi àtẹ́lẹsẹ̀ ti ọmọrí agolo wọ abẹ́ àpò fúláwà, ó tì í wọlé dáadáa.