Bàbá Jámánì Tí Mo Bú ní Landover

Òórùn páálí tútù àti èéfín ọkọ̀ akẹ́rù ni mo máa ń kọ́kọ́ rántí tí wọ́n bá ti dárúkọ Landover, ní ìpínlẹ̀ Maryland ní Amẹ́ríkà. Ilé ìkẹ́rùsí kan níbẹ̀ ni mo ti ń ṣiṣẹ́ nígbà yẹn, mo sì háyà yàrá kan ní Riverdale Park, nínú ilé tí kálukú ti ń ti ilẹ̀kùn mọ́rí. Àsìkò yẹn gan-an ni bàbá mi kú ní Ìbàdàn. Èmi ni dáwódù, èmi ló yẹ kí n kọ́kọ́ bu erùpẹ̀ sí wọn, àmọ́ pépà mi ò tíì jáde. Tí mo bá fi Amẹ́ríkà sílẹ̀ pẹ́nrẹ́n, wọn ò ní jẹ́ kí n wọlé mọ́. Bí wọ́n ṣe sin bàbá mi láìsí mi níbẹ̀ nìyẹn. Mi ò sọ fún ẹnì kankan níbi iṣẹ́. Ta ni mo fẹ́ sọ fún? Mo kàn ń já ẹrù lọ ni.

Ìgbà yẹn ni wọ́n kó ẹrù bàbá Jámánì kan dé. Oníṣẹ́ ọnà làwọn kan ń pè é, wèrè làwọn mìíràn ń pè é. Obìnrin tó ń bá a ṣiṣẹ́ ló ròyìn ẹ̀ fún mi bá a ṣe ń tú àpótí. Ó ní nígbà tí bàbá náà wà lọ́dọ̀ọ́, ó kan aṣọ ológun bàbá ẹ̀ mọ́ ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀ṣì ìlú wọn, kí gbogbo ayé lè rí ohun tí àwọn bàbá wọn ń fi pamọ́ nípa ogun. Wọ́n tì í mọ́lé. Nígbà tó yá, àwọn ìlú tó ń lé e kiri bẹ̀rẹ̀ sí í du iṣẹ́ ẹ̀ mọ́ ara wọn lọ́wọ́. Ọ̀rẹ́ mi, ṣé o rí ayé! Nígbà tó wá darúgbó, ó pa gbogbo ariwo yẹn tì, ó ku àga kan ṣoṣo. Á jókòó sórí ẹ̀, ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ á wá fi èdè abínibí ara ẹ̀ bú u, òun ò sì ní fèsì. Obìnrin náà ní bàbá tó bí bàbá Jámánì yìí ti kú kí òun àti ọmọ ẹ̀ tó parí ìjà.

Nígbà tó di Sátidé, wọ́n gbé àga náà sí gbọ̀ngàn òfìfo tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, bàbá náà sì wá jókòó sórí ẹ̀, kí wọ́n lè fi dánra wò. Obìnrin náà bẹ̀ mí pé kí n wá gbìyànjú, pé ẹnikẹ́ni ò tíì fi Yorùbá bú u rí. Ẹ̀rín pa mí. Ọmọ Ìbàdàn ni wọ́n ń bẹ̀ kó bú èèyàn!

Mo dúró níwájú ẹ̀. Irun ẹ̀ funfun báláú, ó gbé ọwọ́ méjèèjì lé orúnkún. Mo lanu, ohun tó jáde ni, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ má bínú, àgbàyà ni yín." Háà! Ta ló ń bú èèyàn báyẹn? Mo tún un ṣe: "Orí yín ò pé! Ẹ ò nítìjú!" Bàbá náà ń wò mí, kò tiẹ̀ mira.

Mi ò mọ ìgbà tí ọ̀rọ̀ yí padà lẹ́nu mi. "Ẹ ò tiẹ̀ dúró dè mí! Ẹ ní ẹ máa dúró! Ta lẹ fẹ́ kó bu erùpẹ̀ sí yín? Ẹ fi mí sílẹ̀ sáàárín àwọn tí ò mọ̀ yín rí, mi ò rẹ́ni sọ ọ́ fún!" Ohùn mi gba gbogbo gbọ̀ngàn náà. Mo bú sẹ́kún, mo sunkún bí ọmọdé, ikun ń ṣàn nímú mi. Bàbá Jámánì ò dìde, kò sì gbójú kúrò lára mi. Ó jókòó bẹ́ẹ̀ títí mo fi sunkún tán.

Bí mo ṣe ń jáde, obìnrin náà bi mí pé, "Ṣé èébú yẹn le gan-an ni?"

Mo ní, "Ó le."

Mo ti gba pépà báyìí, mo ti délé, mo ti rí sàréè bàbá mi. Àwọn èèyàn ṣì ń jiyàn bóyá iṣẹ́ ọnà ni ohun tí bàbá yẹn ń ṣe tàbí ẹ̀tàn lásán. Mi ò kì í bá wọn dá sí i. Lọ́dọ̀ wa, tí ọ̀fọ̀ bá ṣẹ èèyàn, àwọn ará àdúgbò á wá jókòó tì í. Wọ́n lè má sọ̀rọ̀ kankan, wọ́n á ṣáà jókòó. Ní gbogbo Maryland, ẹnì kan ṣoṣo ló bá mi jókòó ọ̀fọ̀ bàbá mi, òun náà sì rò pé mò ń bú òun ni.