Igi Tí Ìyá Mi Kò Gbìn

Nígbà tí ìyá mi gba oko sí ẹ̀yìn ìlú Warri, àṣẹ kan ṣoṣo ni bàbá onílẹ̀ pa fún un: kò gbọ́dọ̀ gbin igi. Ẹ̀gẹ́ kò burú, àgbàdo kò burú. Àṣẹ náà kò yà á lẹ́nu. Nílé wọn lápá Ọ̀yọ́ náà, ẹni tó bá gbin igi sórí ilẹ̀ onílẹ̀ ń fọgbọ́n sọ pé òun kò lọ mọ́ ni. Lọ́dọọdún, kí òjò tó dé, ó máa ń gbé ìgò ọtí kan lọ fún bàbá náà. Ìṣákọ́lẹ̀ ló ń pè é. Bàbá á gbà á, á sì ní, "Mama, well done."

Iyanrìn lásán ni ilẹ̀ náà nígbà yẹn, ẹ̀gẹ́ ibẹ̀ kò sì ju ìka ọwọ́ lọ. Ìyá mi bẹ̀rẹ̀ sí í fi kẹ̀kẹ́ kó ìgbẹ́ adìyẹ lọ síbẹ̀. Oníkẹ̀kẹ́ á dímú.

"Mama, this your perfume strong o!"

"Na the perfume you go soak for garri tomorrow," ni ìyá mi á dá a lóhùn.

Díẹ̀díẹ̀, ilẹ̀ náà di dúdú. Àwọn oníbàárà ní ọjà Pessu bẹ̀rẹ̀ sí í bèèrè gàrí rẹ̀. Ní yunifásítì, wọ́n kọ́ wa pé àgbẹ̀ tí ilẹ̀ kò dá lójú kì í tọ́jú ilẹ̀. Mo rò nínú ara mi pé ìyá mi ti já wọn nírọ́.

Lẹ́bàá oko, níbi tó ti máa ń jókòó sinmi, ló tu kóró àgbálùmọ̀ sí. Ọ̀kan hù.

"Mummy, dem say no tree," ni mo wí.

"Ta ló gbìn ín? Ṣebí ẹnu mi ló ti bọ́. Jẹ́ kí n rí ibòòji jókòó sí, ọmọ yìí."

Nígbà tí igi náà fi máa ga ju ènìyàn lọ, bàbá onílẹ̀ ti kú. Àkọ́bí rẹ̀ wá wo oko.

"Who plant this one?"

"Nobody plant am. Na my mouth."

Kò rẹ́rìn-ín. "Mama, person wey plant tree no wan go."

Ìyá mi kò jiyàn. Ó mú àdá, ó gé igi náà lójú rẹ̀, ó sì hú gbòǹgbò rẹ̀. Ọkùnrin náà dúpẹ́. Kó tó lọ, ó bẹ̀rẹ̀, ó bu erùpẹ̀ díẹ̀, ó fi ìka ra á.

"This ground don fine o."

Nígbà tí àkókò ìṣákọ́lẹ̀ tún dé, àkọ́bí náà dá ìgò ọtí náà padà láìṣí i. Ó ní ẹbí fẹ́ lo ilẹ̀ wọn.

Mo ti gbé ọ̀rọ̀ yìí yẹ̀ wò dáadáa. N kò lè búra pé dúdú ilẹ̀ ló fà á. Ọkùnrin náà kò fẹnu ara rẹ̀ sọ bẹ́ẹ̀. Ohun tí mo mọ̀ ni pé igi ti kúrò níbẹ̀ kó tó dá ìgò padà. Mo sì kọjá níbẹ̀ lẹ́yìn náà: ẹ̀gẹ́ ni wọ́n gbìn síbẹ̀.

Ìyá mi ti gba ilẹ̀ mìíràn báyìí, iyanrìn bíi ti àkọ́kọ́. Mo bi í léèrè ìgbà tí a máa lọ kó ìgbẹ́ adìyẹ.

"Kí n tún un ṣe fún ta ni?"

Ẹ̀gẹ́ rẹ̀ ti padà di ìka ọwọ́. Àwọn tó kọ́ wa ní yunifásítì kò purọ́. Ibi tí àìtọ́jú náà ti ń bẹ̀rẹ̀ ni wọn kò sọ. Nígbà tí mo lọ bá a lóko náà kẹ́yìn, inú oòrùn ọ̀sán gangan ló jókòó sí. Ìbẹ́pẹ kékeré kan ti hù lẹ́bàá ẹsẹ̀ rẹ̀. Kó tó kí mi káàbọ̀, ó ti fà á tu.